Ojú-Ìwé Oṣù Kẹsàn-án Ọdún 1922: Bí 58°C Ti El Azizia Ṣe Wọlé àti Bó Ṣe Jáde

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1922, ẹnìkan kọ 58 sínú fọ́ọ̀mù ojú ọjọ́ ní El Azizia, ìlú kan tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 40 sí gúúsù Trípólì ní Líbíà. Àwọn ọmọ ogun Ítálì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, inú odi wọn sì ni ibùdó ojú ọjọ́ náà wà. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ló di ooru tó ga jù lọ tí aráyé tíì kọ sílẹ̀. Ó wọ ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ó wọ ìwé àwọn onímọ̀. Nígbà tó pé ọdún 90 géérégé, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WMO, kéde pé àwọn ti yọ ọ́ kúrò.

Ojú-ìwé oṣù kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kó àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ jọ láti fi ṣe àkójọ oṣù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ yóò rí iṣẹ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀: irinṣẹ́ àtijọ́ tó ṣòro kà, òṣìṣẹ́ tuntun tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí oṣù ti dé àárín, àti òpó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí fọ́ọ̀mù.

Fọ́ọ̀mù oṣù fúnra rẹ̀ kò le. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, láti 1 dé 30 tàbí 31. Òpó tò lọ sápá ọ̀tún: ooru tó ga jù lọ́jọ́ náà, èyí tó lọ sílẹ̀ jù, ooru àkókò tí a ń kà á gan-an, ọ̀rinrin, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá àti bó ṣe le tó, ìkùukùu, òjò. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àròpọ̀ àti ìpíndọ́gba wà. Wákàtí kan náà la máa ń ka irinṣẹ́ lójoojúmọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. A kà á, a kọ ọ́, a sì tún irinṣẹ́ ṣètò de ọjọ́ kejì. Ìgbésẹ̀ kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń sáré ṣe, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ì bá tú àṣírí El Azizia kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ohun kan tún wà tó máa ń da ojú-ìwé oṣù rú. Ooru tó ga jù tí a kà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá, ọ̀sán ọjọ́ kẹtàlá ló mú un wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò: omi tí a bá nínú agolo òjò láàárọ̀ yìí, àná ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ rọ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ibùdó máa ń kọ wọ́n sí ìlà àná, kíkà àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù tuntun ló sì ń parí oṣù tó kọjá. Àwọn ibòmíràn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kà á ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Èyí tó wù kí ẹ máa ṣe, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí fọ́ọ̀mù, torí ẹni tó máa fi ibùdó méjì wéra lẹ́yìn 50 ọdún kò ní rí yín bi.

Irinṣẹ́ tó wà ní El Azizia lákòókò náà ni tẹ̀mómítà Six-Bellani. Ní 1922 pàápàá, irinṣẹ́ tí ayé ti ń fi sílẹ̀ ni. Ó yẹ kí a mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí inú rẹ̀ ni àṣìṣe náà wà.

Ọ̀pá dígí kan ni, tí wọ́n tẹ̀ bíi lẹ́tà U. Mẹ́kúrì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gun ẹsẹ̀ méjèèjì dé ìwọ̀n kan. Ọtí líle ló wà lórí mẹ́kúrì náà. Ẹsẹ̀ òsì ló ń fi ooru tó lọ sílẹ̀ jù hàn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń fi èyí tó ga jù hàn. Bí ooru bá ń pọ̀ sí i, ọtí tó wà nínú ìkòkò dígí kékeré orí ẹsẹ̀ òsì á wú, á ti mẹ́kúrì wálẹ̀ lápá òsì, mẹ́kúrì á sì gòkè lápá ọ̀tún. Abẹ́rẹ́ irin kékeré kan wà lórí mẹ́kúrì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́kúrì tó ń gòkè á ti abẹ́rẹ́ náà sókè. Bí ooru bá rọlẹ̀, mẹ́kúrì á padà sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ á dúró síbi tó dé. Lówùúrọ̀, a ó ka ibi tó dúró sí, a ó sì fi òòfà fà á wálẹ̀ títí tó fi máa kan mẹ́kúrì padà.

Abẹ́rẹ́ yìí ní orí, ó ní ìdí. Ìdí rẹ̀, níbi tó ti kan mẹ́kúrì, ni ó yẹ kí a kà. Ní irú tẹ̀mómítà yìí, gígùn abẹ́rẹ́ náà tó nǹkan bí dígírì 7 lórí ìwọ̀n. Ẹni tó bá ka orí abẹ́rẹ́ dípò ìdí rẹ̀ ti bu dígírì 7 lé ooru ọjọ́ náà: 51 á di 58. Lápá òsì, ìwọ̀n dojú kọdò, bí a ṣe ń lọ sókè ni nọ́ńbà ń dín kù. Ẹni tó bá ṣe irú àṣìṣe kan náà níbẹ̀ á yọ dígírì 7 kúrò nínú ooru tó lọ sílẹ̀ jù. Kò sí ohun kan lára irinṣẹ́ náà tó máa sọ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò pé òun ń ṣì í kà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́yìn tí a bá ti fi òòfà fa abẹ́rẹ́ méjèèjì wálẹ̀ tán, kí a tún wọn kà lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ òsì àti ti ọ̀tún gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà kan náà hàn, nọ́ńbà náà sì gbọ́dọ̀ bá ooru àkókò náà mu lórí tẹ̀mómítà lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí tẹ̀mómítà lásán bá ń sọ pé 27, tí ẹ wá ka 34 lápá ọ̀tún àti 20 lápá òsì, orí abẹ́rẹ́ lẹ ń kà. Bí ẹ bá ka ìdí rẹ̀ tí apá méjèèjì kò sì bára mu, abẹ́rẹ́ ti há ni, tàbí mẹ́kúrì ti já sí méjì nínú ọ̀pá, kí ẹ má sì lo irinṣẹ́ náà títí tí ẹ ó fi tún un ṣe. Fọ́ọ̀mù tó dáa máa ń ní òpó fún kíkà lẹ́yìn ìtòpadà yìí. Lójú tiwa, fọ́ọ̀mù tí kò bá ní in kò tíì pé.

Láti ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 1922, ìkọ̀wé ara fọ́ọ̀mù El Azizia yí padà. Ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́. Ẹni tuntun yìí sì ń kọ ooru tó ga jù sínú òpó èyí tó lọ sílẹ̀ jù, ó ń kọ èyí tó lọ sílẹ̀ jù sínú òpó èyí tó ga jù. Ẹni tí kò mọ òpó tó yẹ kó kọ̀wé sí, ó ṣòro láti gbà pé ó mọ ibi tó yẹ kó ka abẹ́rẹ́ dé. Ọjọ́ kẹta tó dé ẹnu iṣẹ́ ló kọ 58.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí àkójọ oṣù, ká fi nọ́ńbà tí a kàn mú ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ooru tó ga jù lọ́jọ́ kan jẹ́ 38, tí èyí tó lọ sílẹ̀ jù jẹ́ 22. Ìpíndọ́gba ọjọ́ náà jẹ́ 30. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ wọ́n sí òpó ara wọn, ìpíndọ́gba ṣì jẹ́ 30. Bó bá tún ka orí abẹ́rẹ́ lápá méjèèjì, 38 á di 45, 22 á di 15, ìpíndọ́gba ọjọ́ náà á tún jẹ́ 30. Àṣìṣe méjì ńláńlá, wọ́n sì fi ara pamọ́ pátápátá sínú ìpíndọ́gba. Ìdí nìyí tí a kì í fi í fọwọ́ sí àkójọ oṣù tó bá fi ìpíndọ́gba ooru nìkan hàn. Kí ìpíndọ́gba èyí tó ga jù wà lọ́tọ̀, kí ti èyí tó lọ sílẹ̀ jù wà lọ́tọ̀, kí àlàfo àárín wọn náà sì wà níbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, àlàfo tó yẹ kó jẹ́ 16 ti di 30. Ẹni tó bá wo òpó àlàfo yóò ta gìrì.

Bó bá sì jẹ́ pé apá ọ̀tún nìkan ni òṣìṣẹ́ ń ṣì kà, láti ọjọ́ 11 dé ọjọ́ 30 jẹ́ 20 ọjọ́. Dígírì 7 lọ́nà 20 jẹ́ 140. Ẹ pín in fún 30, ìpíndọ́gba ooru tó ga jù lóṣù náà á fi dígírì 4.7 ga ju bó ṣe yẹ lọ. Irú oṣù bẹ́ẹ̀ á dà bí oṣù tí kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú ìtàn ibùdó náà. Ẹni tó ń ṣe àkójọ á ti fẹ́ kéde rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, nígbà tó yẹ kó gbé fọ́ọ̀mù padà lọ bá ẹni tó kọ ọ́.

Ibi tí irinṣẹ́ wà náà dá kún un. Orí ilẹ̀ kan tó dà bí èyí tí a da ọ̀dà sí ni wọ́n ti ń ka ooru El Azizia, kì í ṣe orí ilẹ̀ aṣálẹ̀ bó ṣe wà. Ilẹ̀ dúdú máa ń gba oòrùn mọ́ra, á sì máa sọ ọ́ padà sí afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí ìlànà fẹ́ ni àpótí funfun ẹlẹ́nu-ihò, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá kí oòrùn má sì kan tẹ̀mómítà, kí irinṣẹ́ ga tó mítà 1.25 sí 2 sí ilẹ̀, kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ irú ilẹ̀ tí agbègbè náà ní. Ní ìlàjì ayé ti àríwá, níbi tí Líbíà wà, ìhà àríwá ni ilẹ̀kùn àpótí ń kọjú sí, kí oòrùn má baà wọlé tí a bá ṣí i láti kà á.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi gba 58 gbọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé agbègbè náà lè gbóná lóòótọ́. El Azizia wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jefara, òkè Nafusa sì wà ní gúúsù rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ Ghibli bá fẹ́ láti inú aṣálẹ̀, tó ré òkè náà kọjá tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ooru rẹ̀ á máa fi nǹkan bí dígírì kan pọ̀ sí i ní mítà 100 kọ̀ọ̀kan tó bá sọ̀. Ọjọ́ Ghibli níbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ eré. Irọ́ tó jìnnà sí òtítọ́ kì í pẹ́ kó tó hàn. Èyí tó fi dígírì 7 péré jìnnà sí i, lójú ọjọ́ tó ti gbóná tẹ́lẹ̀, òun ló ń pẹ́ nílẹ̀.

Ìwádìí WMO bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Àwọn onímọ̀ tó wà nínú rẹ̀ wá láti Líbíà, Ítálì, Sípéènì, Íjíbítì, Faransé, Mòrókò, Ajẹntínà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Khalid El Fadli, ọ̀gá ẹ̀ka tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ní Líbíà, ló wá ẹ̀dà fọ́ọ̀mù 1922 rí. Láìsí fọ́ọ̀mù náà, kò sí ẹjọ́. Bí ogun ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní Líbíà ní 2011, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbà tí ara rọ̀ díẹ̀ ni iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú. A ò lè sọ̀rọ̀ El Azizia ká má yin ọkùnrin náà, torí ìgbà tí ẹ̀mí gan-an wà nínú ewu ló di ìwé mú.

Ìdí márùn-ún ni wọ́n rí. A ti mẹ́nu ba mẹ́ta: irinṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ tó ṣeé ṣe kó má mọ iṣẹ́ náà dáadáa, àti ilẹ̀ tí irinṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ìdí kẹrin ni pé nọ́ńbà náà kò bá ti àwọn ibùdó tó múlé tì í mu. Ìkarùn-ún ni pé kò bá ohun tí wọ́n kà ní El Azizia kan náà lẹ́yìn ìgbà náà mu. Wọ́n parí rẹ̀ sí pé àṣìṣe náà lè tó nǹkan bí dígírì 7.

Ọ̀nà ìfibùdówéra ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣàkójọ oṣù mọ̀ bí ẹni mowó. Ẹ má fi ooru ibùdó méjì wéra lásán, torí ti etíkun àti ti àárín ilẹ̀ kì í dọ́gba. Ẹ mú ooru tó ga jù ní ibùdó yín lójoojúmọ́, ẹ yọ ti ibùdó kejì kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì to ìyàtọ̀ náà láti ọjọ́ kìíní dé ìparí oṣù. Bí ìyàtọ̀ náà bá fò lọ́jọ́ kan tó sì padà sáyè rẹ̀, ojú ọjọ́ lè ti fà á: òjò tó rọ̀ níbì kan tí kò rọ̀ níbòmíràn, tàbí afẹ́fẹ́ òkun tó pẹ́ kó tó fẹ́. Bó bá fò tí kò padà, irinṣẹ́ ni, tàbí ibi tó wà, tàbí ẹni tó ń kà á. Ẹ wá wo ọjọ́ tó fò, kí ẹ béèrè ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Kí a tó dé ibẹ̀, àwọn àyẹ̀wò kan wà tó yẹ kó ti parí ní ibùdó fúnra rẹ̀. Ooru tó ga jù kò gbọ́dọ̀ kéré sí èyíkéyìí tí a kà láàárín ọjọ́ náà. Èyí tó lọ sílẹ̀ jù kò gbọ́dọ̀ ga ju èyíkéyìí nínú wọn lọ. Òpó tí a ṣì kọ máa ń hàn níbí lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ọ̀pọ̀ kàn máa ń yí òpó padà, wọ́n á sì ní ó ti tán. Òpó tí a ṣì kọ jẹ́ àmì pé ẹni náà kò mọ iṣẹ́, nítorí náà gbogbo ohun tó kọ láti ọjọ́ tó ti dé ló yẹ ká yẹ̀ wò.

Nípa ọjọ́ tí a kò rí kà, ohun kan ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: àlàfo kì í ṣe òdo. Ẹni tó bá kọ 0 sí ọjọ́ tí kò rí òjò wọ̀n ti parọ́ pé òjò kò rọ̀. Ìlànà tí WMO gbé jáde ní 2017 sọ pé kí a má ṣírò ìpíndọ́gba ooru oṣù bí ọjọ́ 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá sọnù, tàbí bí ọjọ́ márùn-ún léra wọn bá sọnù. Ti òjò le ju ìyẹn lọ, torí àròpọ̀ ni: ọjọ́ kan péré tó bá sọnù, àròpọ̀ oṣù kò pé mọ́, torí ọjọ́ kan náà lè jẹ́ ọjọ́ tí òjò oṣù náà rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ti orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Ilẹ̀ Líbíà fẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.76 kìlómítà níbùú lóòró, aṣálẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ etíkun ni àwọn ènìyàn ń gbé. Bí ẹ bá ro ooru gbogbo ibùdó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ tí ẹ pín in, ooru etíkun lẹ máa rí, ẹ ó sì máa pè é ní ti orílẹ̀-èdè. Ohun tó tọ́ ni pé kí ibùdó kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ fi oṣù rẹ̀ wé ìpíndọ́gba 30 ọdún tirẹ̀, èyí tí a ń lò báyìí jẹ́ 1991 sí 2020. Ìyàtọ̀ yìí ni ká wá tẹ́ sórí àwòrán ilẹ̀, ká sì pín in bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Níbi tí ibùdó bá ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀kan ṣoṣo tó ń ṣì kà lè kun apá ńlá nínú àwòrán orílẹ̀-èdè ní àwọ̀ pupa. Àkójọ oṣù yìí ni orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́ sí àgbáyé nínú ìròyìn tí wọ́n ń pè ní CLIMAT, kí ọjọ́ kẹjọ oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Àsìkò kò pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí àyẹ̀wò ibùdó kò fi gbọ́dọ̀ dúró de ìparí oṣù.

Lẹ́yìn tí 58 jáde, àyè àkọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ 56.7°C tí wọ́n kà ní Greenland Ranch ní Death Valley, Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 1913. Àwọn onímọ̀ kan ń ṣiyèméjì lórí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n WMO kò tíì yọ ọ́.

Ní ti nọ́ńbà tí a bá rí pé kò tọ́, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ fi àmì sí i, ẹ kọ ìdí àti ọjọ́ tí ẹ ṣe àyẹ̀wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò nìkan. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fọwọ́ kọ, ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí tádàwà tó parẹ́, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan síbòmíràn yàtọ̀ sí ilé iṣẹ́, kí orúkọ tàbí àmì ẹni tó kà á wà lórí ìlà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá pààrọ̀, tí irinṣẹ́ bá pààrọ̀, tàbí tí wọ́n bá gbé àpótí kúrò láyè rẹ̀, inú fọ́ọ̀mù oṣù yẹn gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ní El Azizia, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ti pààrọ̀ ní ọjọ́ kọkànlá; ìkọ̀wé tó yí padà ni àwọn olùwádìí fi mọ̀.